Ara Àti Ọkàn Kò Ṣeé Yà Nípá

Bí a bá rí ọ̀dọ́ tí ó ń fi àgbo ìyá rẹ̀ àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má ṣe tètè bá a jà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí àwa mọ̀ dáadáa. Ọmọ Muṣin ni, iṣẹ́ dókítà ni ó sì ń kọ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, a máa wí fún wa pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ohun tí a kò bá lè fi ẹ̀rọ wò, tí a kò sì lè wọ̀n, kì í ṣe àìsàn." Àwa a rẹ́rìn-ín, a ó sì dákẹ́.

Ní ọdún tí ìdánwò ńlá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fún un. Ó ní ó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ orí òun. Bí ó bá ṣí ìwé, kò ní lè ka ojú ewé kan tán. Èyí tí ó bá sì kà, kò ní rántí rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọn kò rí àrùn kankan. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Síbẹ̀, ó ti ń ronú àtifi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Dókítà àgbà kan ni ó mú un jókòó, tí ó béèrè ohun tí ẹ̀rọ kò lè béèrè. Wákàtí mélòó ni o ń sùn lóru? Ta ni ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nílé bí o bá kùnà? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó mú omi bọ́ lójú ọmọkùnrin náà, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ kí òun lè di dókítà. Láti ọjọ́ náà ni ìwòsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1960 ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí rẹ̀ bí ó ti rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. "Brain fag" ni orúkọ tí ó fi pè é. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ka èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí wọ́n ti ṣe ní Aro.

Àwọn ará Èkó mọ̀ pé ní 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ sí Yaba. Ilé ìwòsàn ńlá ni ó jẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ìsémọ́lé ju ìtọ́jú lọ níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni Thomas Adéoyè Lambo gbà. Ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923 ni, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti kọ́ ìṣègùn. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954, ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn a máa gbé láàrin wọn pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, a sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ní ẹbí, ó ní ìgbàgbọ́, ó sì ní èdè tí ó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa jù, ni ó bá bọ́ sí òdì kejì. Ó kà pé gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè, ní ìbátan ní ilẹ̀ Íńdíà, àti pé lára ìbátan náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952, èyí tí wọ́n fi tọ́jú wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wá ń yin gbòǹgbò yìí káàkiri àdúgbò. Ìyá kan tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́, ó sì ń mu omi rẹ̀ lé oògùn dókítà lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti dìde lórí ibùsùn, ó ṣubú lulẹ̀: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin náà wá sọ ọ́ fún wa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nísinsin yìí, kì í fi àgbo ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, kì í sì í yìn ín láìmọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, a kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìyá, kí ni ẹ ń mu nílé? Kí ni ó ń bà yín lọ́kàn jẹ́?"

Ohun tí àwa fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa dì mú nìyí. Ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Ẹ̀yin dókítà, ẹ má ṣe kanra mọ́ ẹni tí ó bá jẹ́wọ́. Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀, ewé àti ọ̀rọ̀ ìtùnú ni a bẹ̀ yín fún. A kò bẹ̀ yín fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó; àsìkò tó láti hùwà tí ó bá a mu. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó béèrè ipò tí ọmọ gbé nínú ìdánwò, ẹ béèrè bóyá ó sùn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ilé ìwòsàn nílò ẹbí, ewé sì nílò òṣùwọ̀n.