Bípíì kì í kanlẹ̀kùn: Ohun tí ìwé kékeré kan lè ṣe fún ìlera yín

Bí dókítà bá bi yín lónìí pé wákàtí mélòó lẹ sùn lálẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, kí lẹ máa sọ? Tó bá tún béèrè pé ìgò míníràlì mélòó lẹ mu láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa máa gbójú sókè wo àjà, a ó wá dáhùn pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, dókítà." Kì í ṣe pé a fẹ́ parọ́ o. Ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ kì í pẹ́ lọ́kàn. Ọjọ́ ìnáwó là ń rántí, a kì í rántí búrẹ́dì ọ̀sán àná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìwé àkọsílẹ̀ ìlera, èyí tí àwọn kan ń pè ní dáyárì. Kì í ṣe ìwé tẹ́ ẹ máa yà fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram. Ìwé kékeré lásán ni, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ibẹ̀ lẹ ó máa kọ ohun tí ẹ ṣe fún ara yín lójúmọ́ sí: oúnjẹ, oorun, ìrìn, eré ìdárayá àti bípíì.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Àwọn bàbá wa ní Ìwó fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọ́n ro oko, wọ́n tún fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Àwa ń gun ọ̀kadà láti Ọjà-Ọba lọ sí Odò-Ọ̀rì. A jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú, a délé, a tún jókòó ti fóònù di òru. Iṣẹ́ wa ti yí padà, ṣùgbọ́n òkèlè wa ò kéré sí i. Oúnjẹ tó yẹ ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ ni ẹni tó jókòó sídìí POS ń jẹ.

Àrùn tí irú ìgbé ayé yìí ń fà kì í pariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2021 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.28 èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 79 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé, àti pé nǹkan bí ìdajì wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Bípíì kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹlòmíì ò ní mọ̀ títí tí apá kan ara rẹ̀ á fi rọ.

Ẹ má sọ pé àjogúnbá ni, pé kò sóhun tẹ́nì kan lè ṣe sí i. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn bípíì àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, tí Ìgbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, ní Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Caribbean àti ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni o, àmọ́ ìgbé ayé wọn yàtọ̀. Bí ìwọ̀n ara àti iyọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni iye tó ní àrùn náà ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ sì ṣeé kọ sílẹ̀.

Ṣé kíkọ ọ́ sílẹ̀ lè ṣe nǹkan kan?

Ó lè ṣe é. Lọ́dún 2008, ilé iṣẹ́ ìlera Kaiser Permanente ní Amẹ́ríkà kéde èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,700 tó fẹ́ dín ìwọ̀n ara wọn kù. Fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́, wọ́n ń ṣeré ìdárayá, wọ́n sì ń pàdé pọ̀. Àwọn tó ń kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ fọn tó ìlọ́po méjì àwọn tí kò kọ nǹkan kan. Ìwé nìkan kọ́ ló ṣe é, ó bá oúnjẹ àti eré ìdárayá rìn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun máa kọ ìgò míníràlì kẹta sílẹ̀ lálẹ́ yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣejù òyìnbó ni. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ní Ìbàdàn kọ dáyárì fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti àwọn ọdún 1920 lọ. Gbèsè, owó, ìbànújẹ́ àti ohun tí ojú rẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀ ló kọ. Àwọn ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn títí dòní. Bí bàbá yẹn bá lè kọ ìṣírò ayé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa náà lè kọ ìlà márùn-ún.

Ìlà márùn-ún náà rèé

1. Oorun: ìgbà tẹ́ ẹ sùn àti ìgbà tẹ́ ẹ jí. Wákàtí méje ó kéré tán ló yẹ àgbàlagbà.

2. Oúnjẹ àti ohun mímu: ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ gan-an, kì í ṣe "mo jẹun dáadáa." Ẹ̀bà ìkúùkù méjì, ẹja kan, Malt kan. Iyọ̀ náà ńkọ́? WHO ní kó má ju gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan péré. Iyọ̀ tó wà nínú Maggi àti Indomie wà lára rẹ̀ o.

3. Ìrìn àti eré ìdárayá: ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀. Ohun tí WHO ń fẹ́ ni ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí ó jẹ́ ìrìn tó yá tàbí iṣẹ́ tó ń jẹ́ kéèyàn mí sókè-sódò díẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún ti pé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bowen lè fẹsẹ̀ rin ín nínú ọgbà yín láìná kọ́bọ̀.

4. Bí ara ṣe rí: orí ń fọ́? Ó rẹ̀ yín? Inú yín dùn? Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ti tó.

5. Bípíì: tí ara yín bá le, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ẹni tí dókítà bá ti ní kó máa ṣọ́ ọ, kó tẹ̀lé iye ìgbà tí dókítà sọ. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ má gbẹ́sẹ̀ léra, ẹ gbé apá lé tábìlì. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì. Tó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ojú ewé kan lè rí báyìí: "Ọjọ́ Ajé. Sùn 12:30, jí 5:45. Àárọ̀: àkàrà 4, ògì. Ọ̀sán: Indomie 2, Fanta. Alẹ́: àmàlà, ewédú. Rìn: ìṣẹ́jú 10. Orí fọ́ ní ìrọ̀lẹ́." Ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ṣé fóònù ò tó ni?

Ẹni tó bá wù lè kọ ọ́ sórí fóònù, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Ìgbésẹ̀ 10,000 tí fóònù ń pariwo rẹ̀ yẹn, orúkọ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń tà ní Japan lọ́dún 1965, manpo-kei, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 lórí àwọn ìyá àgbà ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tó ń rin nǹkan bí ìgbésẹ̀ 4,400 lójúmọ́ ti ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ń rin 2,700 lọ. Bó bá ti tó nǹkan bí 7,500, èrè rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Ẹni tó bá rin 3,000 lónìí, kó rin 3,500 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwé ni èmi ń lò ní tèmi, nítorí bí mo bá ṣí fóònù láti kọ oorun sílẹ̀, WhatsApp ló ń gbà mí. Ní gbogbo alẹ́ Sunday, mo máa ń ka ọ̀sẹ̀ náà láti òkè délẹ̀. Kíkà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Ọjọ́bọ̀ ni orí máa ń fọ́ mi jù, Ọjọ́rú tí mo ń kọ ìròyìn di òru ló sì ṣáájú rẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ òru yẹn sí àárọ̀, orí fífọ́ náà sì dín kù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ò lè fi irú ẹ̀ hàn yín. Lásìkò Ààwẹ̀ Ramadan pẹ̀lú, tí sààrì ti yí oorun àti oúnjẹ padà, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ á mọ ohun tó ń bá a lára mu àti èyí tí kò bá a mu.

Ohun tí ìwé ò lè ṣe

Ìwé kì í ṣe dókítà. Tí nọ́ńbà bá dáa, ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn bípíì dúró fúnra yín, ó lè jẹ́ oògùn náà ló mú un dáa. Tí bípíì bá sì ga tó 180/120, tí àyà ń dun yín, tí èémí ò délẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu tàbí tí apá kan ara ń rọ, ẹ ju ìwé sílẹ̀, kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ìwé kì í sì í ṣe kóòtù. Bẹ́ ẹ bá fo ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ má ṣe hùmọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa kọ sí àwọn ọjọ́ tó ti lọ. Ìlú odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó, odídẹrẹ́ kì í sì í ṣe ojúsàájú, ohun tó gbọ́ ló máa ń sọ. Kí ìwé yín rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú un dání. Dókítà tó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún yín á rí oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí "kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀."

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ kọ déètì òní síbì kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ sábẹ́ ẹ̀.