Ìgbé-ayé Ará Ìlú nínú Àwòrán Kọ́ládé Òṣínówò: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa yíya àwòrán ènìyàn lọ́nà ìgbàlódé ní Nàìjíríà, Àìná Ọnàbólú (1882–1963) ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí ó yà ní 1906 gbajúmọ̀ púpọ̀. Àwọn ẹni iyì àwùjọ Èkó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá ya ìyá alátẹ àti èrò tí ń dúró de ọkọ̀? Kọ́ládé Òṣínówò, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1948, wà lára àwọn tí ó fi iṣẹ́ wọn dáhùn ìbéèrè yìí.

Ọgbọ́n Ìyàwòrán Rẹ̀

Òṣínówò kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Àmọ́dù Béllò, Sáríà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Yábàá. Ọjà, èrò àti obìnrin wọ́pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dà nìkan ni ó ń lò. Ó máa ń lẹ àgékù aṣọ tí àwọn aránṣọ fẹ́ dà nù mọ́ kánfáàsì, kí ó tó kun ọ̀dà sí i. Àgékù náà yóò wá di ìró tàbí gèlè lára ẹni tí ó yà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, 'Ènìyàn ni aṣọ mi.' Ibi tí a ti gé àgékù wọ̀nyí, ìyókù rẹ̀ ti di aṣọ lọ́rùn ẹnì kan nínú ìlú. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwòrán ará ìlú nìkan ni a ń wò. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Ohun tí a kà sí pàǹtí ni ayàwòrán yìí fi ń bu iyì fún ẹni tí a kì í kà sí.

Ìwúlò fún Ìkọ́ni

Olùkọ́ sábà máa ń ráhùn pé kò sí ohun èlò. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kò wọ́n ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáìkò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo bí alátẹ ṣe jókòó àti bí kọ̀ńdọ́ ṣe rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó. Kí ó fi pẹ́ńsù ya ìrísí wọn. Kí ó ṣa àgékù tí ó bá wọn mu, kí ó lẹ̀ ẹ́, kí ó sì kun ún.

Ìgúnlẹ̀

Ọmọ tí kò ya ohun mìíràn ju èyí tí ó wà nínú ìwé òyìnbó lọ lè gbà pé àdúgbò òun kò yẹ ní yíyà. Ọwọ́ olùkọ́ ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí ọmọ bá fi àgékù ìró ìyá rẹ̀ ya ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́-ọnà kò jìnnà sí ilé.