Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀pá Méjì Rìn fún Ìlera

Ẹni tó ń gbé Mowe tàbí Ibafo tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ibùdókọ̀. Kó tó padà wọlé, àwọn ọmọ ti sùn. Síbẹ̀, bí a bá wo ohun tí ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀: ìjókòó nínú ọkọ̀ lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìjókòó lẹ́nu iṣẹ́, ìjókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nígbà àbọ̀. Ará Ifọ tó ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Èkó náà mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ á wú, ẹ̀yìn á máa ro, èjìká á le gbagidi. Ó rẹ ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú àárẹ̀ yẹn kì í sọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró di alágbára.

Irú ìrìn kan wà tí mo gbà pé ó bá irú ara bẹ́ẹ̀ mu gan-an, nítorí pé ó ń jí ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti èjìká pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nordic walking ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá méjì tí kò wúwo ni a ń mú lọ́wọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí a ó máa fi ti ilẹ̀ bí a ṣe ń lọ.

Orílẹ̀-èdè Finland ló ti wá. Yìnyín ń bo ilẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, àwọn ènìyàn a sì máa so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn mọ́ abẹ́ bàtà, wọ́n á mú ọ̀pá méjì dání, wọ́n á máa yọ̀ lọ lórí yìnyín náà. Nígbà tí oòrùn bá mú tí yìnyín yọ́, àwọn tó ń fi eré yìí díje kì í fẹ́ kí ara wọn dẹ̀, ni wọ́n bá ń mú ọ̀pá wọn rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Leena Jääskeläinen, obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní irú ìrìn yìí ní 1966. Ará Finland mìíràn, Mauri Repo, kọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún àwọn eléré ìdárayá ní 1979. Ọdún 1997 ló wá di ti gbogbo ènìyàn: Marko Kantaneva kọ àlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá, ilé iṣẹ́ Exel sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pá tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn. Lónìí, àwọn àgbàlagbà ní Jámánì àti ní Finland fúnra rẹ̀ ń mú ọ̀pá wọn jáde láàárọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́.

Kí wá ni ọ̀pá fi kún ìrìn tí gbogbo wa ti ń rìn láti kékeré? Ìdáhùn rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pá yìí yàtọ̀ sí ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí arúgbó ń fara tì. Ẹ̀yìn ni a ń tì í sí. Ẹni tó bá ti rí atukọ̀ lójú ọ̀sà tó fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi, tó tì í sẹ́yìn, tí ọkọ̀ sì ṣí síwájú, ti rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọwọ́ bá ti ọ̀pá sẹ́yìn, iṣan apá, ti èjìká, ti àyà, ti ẹ̀yìn àti ti ikùn ni yóò para pọ̀ ṣe é. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ti pọ̀ sí i nìyẹn, ọkàn á sì ní láti fi ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i ránṣẹ́ sí wọn.

Wọ́n ti wọn èyí rí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Cooper Institute ní ìlú Dallas, Amẹ́ríkà, ní kí ènìyàn 22 rin 1,600 mítà, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá, lẹ́ẹ̀kan láìsí ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀pá, afẹ́fẹ́ tí ara wọn lò fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìrìn lásán lọ. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó rìn kò sọ pé ó le fún wọn ju ìrìn lásán lọ. Ara ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ẹni tó ń rìn kò sì kà á sí wàhálà. Fún ẹni tí sáré-sáré ń bà lẹ́rù, tàbí tí orúnkún rẹ̀ kò gba eré sísá mọ́, ìròyìn ayọ̀ ni.

Lórí ọ̀rọ̀ orúnkún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn tó ń ta ọ̀pá fẹ́ràn láti máa sọ pé ó ń gba ìdá ńlá nínú ẹrù kúrò lórí orúnkún. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò fi gbogbo ara ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Ibi tí ọ̀pá ti ń gba ènìyàn là ni ìsọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ilẹ̀ págunpàgun, nítorí pé ẹsẹ̀ méjì ti di mẹ́rin. Ẹni tó mọ àwọn àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn Ibafo, níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà ní kòtò-kòtò, mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gígùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi tépù télọ̀ wọn ara yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ sọ iye sẹ̀ǹtímítà náà di ìlọ́po 0.68. Ẹni tó ga ní 170 yóò rí 115.6, ọ̀pá 115 ló yẹ ẹ́. Tí iye náà bá bọ́ sí àárín méjì, kí olùbẹ̀rẹ̀ mú èyí tó kúrú, nítorí ọ̀pá gígùn jù máa ń gbé èjìká sókè. Tí ẹ bá wọ bàtà, tí ẹ na ọ̀pá ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tí ẹ sì di orí rẹ̀ mú, kí ìgbọ̀nwọ́ yín tẹ̀ bí igun ìwé, tàbí kó là díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá tó ṣeé fà gùn tí ó sì ṣeé tì kúrú dára fún ilé tí tọkọtaya ti fẹ́ máa pín in lò.

Lẹ́yìn gígùn, okùn ọwọ́ rẹ̀ ló kàn. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ìrìn yìí ní ìdè kan tó gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ra bí ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìka, òun ló ń jẹ́ kí a lè la ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn láìjẹ́ pé ọ̀pá bọ́. Ọ̀pá àwọn tó ń gun òkè, èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ àwọn tó ń ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní okùn lásán. Ẹ lè fi í bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn máa fi ọrùn-ọwọ́ ti okùn náà ni. Igi lásán tí a gé nínú oko ò ní ṣe é: ó wúwo, kò sì ní ìdè. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá, irin mímú wà fún ilẹ̀ rírọ̀, rọ́bà sì wà tí a ń fi bò ó fún ojú ọ̀dà àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́. Irin lórí ọ̀dà máa ń yọ̀, ó sì ń mi ọwọ́ jìgìjìgì. Nígbà òjò, tí ilẹ̀ pupa wa bá di ẹrẹ̀, ẹ yọ rọ́bà náà kúrò kí irin lè gbá ilẹ̀ mú. Bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ dáadáa ti tó. Ẹ má fi sílípáàsì rìn ín.

Nísinsìnyí, ìrìn náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ti nǹkan kan. Ẹ fi ọwọ́ sínú ìdè, ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ wọ̀ọ̀, kí ọ̀pá máa wọ́ tẹ̀lé yín lẹ́yìn, kí ẹ sì máa rìn bí ẹ ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́, ẹ ó rí i pé apá òsì ń bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ síwájú, apá ọ̀tún ń bá ẹsẹ̀ òsì. Bí Ọlọ́run ṣe dá ìrìn nìyẹn, ẹ má yí i padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé gbàrà tí wọ́n bá ti ń rò ó, apá ọ̀tún á bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, wọ́n á wá máa rìn bí igi. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tún wọ́ nílẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ máa di ọ̀pá mú fẹ́rẹ́fẹ́ bí apá bá ti ń bọ̀ síwájú. Èjìká ni kí apá ti máa fì, kì í ṣe ìgbọ̀nwọ́. Ẹ na apá, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó le gan. Kí ọwọ́ gòkè dé ìdodo, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹnu ọ̀pá yóò ti gún ilẹ̀ ni àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ kọjá ẹsẹ̀ iwájú láé. Orí ọ̀pá ń wo iwájú, ìdí rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn, ó dàgẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ọ̀pá bá dúró ṣánṣán níwájú yín, ẹ ti ń fara tì í nìyẹn, iṣẹ́ ti bọ́.

Láti ibẹ̀, ẹ ti okùn náà sílẹ̀ kí ẹ sì tì í sẹ́yìn títí ọwọ́ yóò fi kọjá ìbàdí, kí ẹ wá la ìka sílẹ̀. Lílà yìí ni olùbẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé jù. Ẹni tó bá di ọ̀pá mú pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọrùn-ọwọ́ àti ọrùn ni yóò máa dùn ún lọ́jọ́ kejì, kò sì ní mọ ohun tó fà á. Ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á yí tẹ̀lé e, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á sì ti ilẹ̀ kúrò. Ìṣísẹ̀ á gùn díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ gbé àyà sókè, ẹ wo iwájú, ẹ má máa wo ọ̀pá.

Níbo ni ẹ ó ti rìn ín? Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀. Ọ̀kadà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ títì wá láti ẹ̀yìn kò ní dúró nítorí ọ̀pá. Ní Mowe, inú àdúgbò ló dára, tàbí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fún yín láyè. Ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fàdà, ìlú ìrẹsì, ní ọkọ̀ púpọ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán. Ẹni tó ń gbé inú Redemption City, ìlú ìjọ Redeemed, ní títì ọlọ́dà nínú ọgbà. Ẹ rántí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù: ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ níbẹ̀ máa ń kún ojú ọ̀nà títí di àárọ̀ Sátidé, ẹ jìnnà sí títì ńlá lọ́jọ́ náà. Ní Ifọ, ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò ń da eruku sí ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta, kí ẹ yà sínú ìlú. Ẹ má sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Láti 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gba Kájọlà kọjá, eré rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Níbikíbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Àkókò tó dára jù ni ìgbà tí ojúmọ́ ti mọ́ tí oòrùn kò tíì mú, láti bí aago méje kù díẹ̀. Ẹ má jáde nínú òkùnkùn. Pió wọ́tà kan nínú àpò tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá nípọn, kí ẹni tó ní ikọ́ fée sinmi lọ́jọ́ náà.

Àwọn ènìyàn yóò wò yín, ìyẹn dájú. Wọ́n á béèrè bóyá ẹsẹ̀ ń dùn yín, bóyá ẹ̀ ń lọ da màlúù. Ẹ kí wọn, kí ẹ ṣàlàyé, kí ẹ máa lọ. Tí ẹ bá lè rí aládùúgbò kan mú dání, ojú á kúrò lára yín kíákíá, ọ̀nà á sì yá. Ìyá tàbí bàbá ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáká mọ́ ni mo máa kọ́kọ́ pè, nítorí ọ̀pá yìí á fún un ní ìgboyà láti tún jáde.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹ má fi ọjọ́ kan dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ mẹ́ta ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; tó bá di ọ̀sẹ̀ keje, ẹ ti dé 50, ìyẹn 150 lọ́sẹ̀. Òṣìṣẹ́ Èkó lè mú àárọ̀ Sátidé àti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kó sì wá ọjọ́ kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Bí kò bá rí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ náà, kó rìn ín; ó wà nínú ìṣirò. Eré tó yẹ kí ẹ máa bá lọ ni èyí tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹ kò sì lè kọrin. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí àyà bá dùn tàbí tí òòyì bá kọ́ lọ́nà gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì wá ìtọ́jú.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kò pọn dandan kí ẹ gun òṣùwọ̀n. Láàárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ fi ìka méjì kan ọrùn-ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹ ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un kà lẹ́yìn oṣù méjì. Bí ọkàn bá ti ń lágbára sí i, iye yẹn máa ń lọ sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.