Mìlímítà 762 Tó Gba Ẹ́ńjìnì Reluwé Kan Là

Èmi ọmọ Àpápá GRA, ojú irin àtijọ́ tó lọ sí èbúté ò ṣàjèjì sí mi. Àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1067. Ti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, 762 péré ni.

Leeds ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnì No. 85 fún wọn lọ́dún 1954. Iná á mú omi hó, ooru omi á ti písítìnì, táyà irin á sì máa yí.

Nígbà tí Sàró pa reluwé yẹn tì, Welshpool ní Wales gbà á lọ́dún 1975. Kí ló dé? Ojú irin tiwọn náà, 762 ni! Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ ká tètè wá ibi tó máa bá tiwa náà mu, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó dé.