Oko Kòkó Ẹbí Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Bí ẹbí bá fi oko kòkó lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ máa jẹ ẹ́ títí ọjọ́ ayé yín, èso rẹ̀ ni tiyín. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí. Ẹ kò lè tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ máa gé àfòmọ́ kúrò. Lásìkò òjò, ẹ tètè já kòkó tó bá ti dúdú tó sì ń rà lórí igi, kó tó ran ìyókù. Igi tó bá ti lé ní ọdún 30, èso rẹ̀ a máa dínkù: ẹ máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igi ìbòji tí àwọn onípákó ń wá rà ńkọ́? Ẹ má tà á. Ọmọ kòkó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò lè fara da oòrùn.