Nígbà tí Omi Bá Wọ Láptọ́ọ̀pù: Ohun tí Wáráńtì Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe



Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ìdílé tí omi lé kúrò nílé, a rò pé ìbéèrè nípa ẹní, ìkòkò àti owó ilé nìkan la ó máa gbọ́. À ń gbọ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tún wà tí kì í kúrò lórí tábìlì wa: "Omi wọ láptọ́ọ̀pù ọmọ mi. Kò tíì pé ọdún kan tí a rà á, wáráńtì rẹ̀ kò tíì tán. Ṣé wọn ò ní fún wa ní òmíràn?" Ọ̀rọ̀ náà tóbi fún ẹni tó ń béèrè, nítorí owó àjọ lòmíràn fi ra ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ní yunifásítì sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ni pé wọn ò ní fún yín. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa ju kí ẹ náwó ọkọ̀ láti Àgbọ̀wà dé Ìkẹjà kí wọ́n tó sọ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí owó tàbí àtúnṣe lè gbà wá, ẹ̀tọ́ kan sì wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùtajà kankan fi dù yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wáráńtì jẹ́. Ìlérí ni. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ń ṣèlérí pé kò sí àbùkù nínú ohun tí òun ṣe, àti pé bí àbùkù bá yọjú láàárín àkókò kan, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, òun yóò tún un ṣe tàbí kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Bí ojú láptọ́ọ̀pù bá ṣàdéédéé ṣókùnkùn, tí kò já bọ́, tí omi kò kàn án, ọ̀rọ̀ wáráńtì nìyẹn. Omi tó wọlé láti ojú pópó kì í ṣe àbùkù láti iléeṣẹ́. HP, Dell, Lenovo àti Apple ló kọ ọ́ sínú wáráńtì wọn pé jàǹbá kò sí nínú rẹ̀. Kódà fóònù tí wọ́n polówó pé omi kì í ràn án kò bọ́ nínú èyí: Apple kọ ọ́ ní gbangba pé wáráńtì iPhone kò kan ìbàjẹ́ tí omi bá ṣe. Omi tó mọ́ ni wọ́n fi dán irú fóònù bẹ́ẹ̀ wò, nínú yàrá ìdánwò, kì í ṣe omi ẹrẹ̀ tó gba inú gọ́tà àti ṣáláńgá kọjá.

Àwọn kan ti gba ìyá kan nímọ̀ràn níbùdó wa pé kó lọ sọ pé ẹ̀rọ náà ṣàdéédéé kú ni. A ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ọmọ ìjọ ni wá nìkan. Inú ọ̀pọ̀ fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni wọ́n lẹ bébà kékeré funfun kan mọ́, tó máa ń di pupa bí omi bá kàn án. Bí kò bá tilẹ̀ sí bébà náà, ìpẹtà tó wà lára irin inú rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n sì lè ní kí ẹ san owó àyẹ̀wò. Èyí tó burú jù ni pé bí ẹ bá ní adójútòfò, ìtàn méjì tó yàtọ̀ síra lè mú kí wọ́n kọ̀ láti san ohunkóhun.

Adójútòfò, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ínṣọ́ránsì, ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ẹ ní láti yẹ̀ wò. Ó yàtọ̀ sí wáráńtì: jàǹbá gan-an ló wà fún. Àwọn kan ra ààbò jàǹbá pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù láìmọ̀, nítorí pé ó wà nínú iye tí wọ́n san. HP ń ta irú rẹ̀, AppleCare+ sì ni ti Apple. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ló rà á ránṣẹ́, ẹ ní kó wo ìwé tó fi rà á àti ímeèlì rẹ̀. Kí ẹ má tíì yọ̀ o. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí ààbò náà kò kàn. Àwọn kan gbà láti tún ẹ̀rọ tí wọ́n da tíì sí ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìkún omi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìkún omi wà nínú rẹ̀, ẹ fi tó wọn létí lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí wọ́n máa ń fi gbèdéke sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ń san owó ẹ̀rọ náà, gbèsè kò pa rẹ́ nítorí pé omi gbé e. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ tọrọ àfikún àkókò, ẹ sì béèrè bóyá adójútòfò wà nínú iye tí ẹ ń san. Ẹ má kàn dákẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ti ọ́fíìsì tàbí ti iléèwé ni, tàbí ẹ̀rọ POS tí iléeṣẹ́ kan fún yín lò, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò. Ẹ fi tó àwọn tó ni ín létí ní kíkọ, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀tọ́ tí a sọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, ló gbé àjọ FCCPC kalẹ̀. Òfin yìí ní kí olùtajà fún yín ní ìwé ẹ̀rí ohun tí ẹ rà, kó sọ fún yín bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, kó sì gba ọjà tó lábùkù padà. Pátákó tó ń sọ pé a kì í gba ọjà padà, a kì í dá owó padà, kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín; FCCPC ti sọ pé ó lòdì sófin. Nítorí náà, bí láptọ́ọ̀pù yín bá ti ń ṣàìsàn kí omi tó dé, tí ẹ sì ti ránṣẹ́ sí olùtajà lórí WhatsApp nígbà náà, ẹjọ́ yín ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ni ẹ̀rí yín.

Ibi tí òfin yìí yóò ti wúlò jù fún ọ̀pọ̀ yín ni ohun tí ẹ ó rà lẹ́yìn èyí. Omi odò Ògùn kì í ṣe àlejò fún wa. Ní oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, ó lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú kúrò nílé, Àgbọ̀wà sì ni ìjọba kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n sá gbẹ lè dé orí àtẹ pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gbóòórùn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lára rẹ̀, ẹ wo ihò ṣájà bóyá ó dípẹtà, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí olùtajà kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé omi kò wọ̀ ọ́ rí. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ní ti ẹ̀rọ tó ti rẹ omi lọ́wọ́ yín, ẹ má tàn án láti fi wò ó. Ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ìgbà tí iná bá pàdé omi nínú rẹ̀ ni ó máa ń kú pátápátá. Ẹ yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ dé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ìrẹsì kì í wò ó sàn. Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 2024 pé kí a má fi iPhone sínú rẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè ba fóònù jẹ́. Oúnjẹ ọmọ ni ìrẹsì, ẹ sè é. Bí bátìrì bá wú, ẹ gbé e jìnnà sí gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ń sùn sí, nítorí ó lè gbiná, ẹ sì pe ọ̀kan nínú wa.

Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ kú, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má kú. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ibi tí fáìlì ń gbé ṣeé yọ, kí wọ́n gbé e sínú òmíràn kí wọ́n sì ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé fáìlì ni kó kọ́kọ́ gbà là, kó sì sọ iye tí yóò gbà kó tó tú u. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní adójútòfò, kí ẹnikẹ́ni má tú u títí wọn yóò fi wò ó.

Rìsíìtì ńkọ́? Ó bómi lọ, a mọ̀. Alẹ́ẹ̀tì báǹkì ọjọ́ tí ẹ rà á wúlò, báǹkì sì lè tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ fún yín. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù àti lára páálí rẹ̀. Ti fóònù ni *#06#, bí ó bá ṣì ń tàn. Ẹ tún lè ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù pé rìsíìtì sọnù. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà àti ibi tí omi dé lára ògiri, kí ẹ tó da ohunkóhun nù.

A kò ní owó láti ra láptọ́ọ̀pù fún ẹnikẹ́ni, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa retí rẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a bá yín ka ìwé wáráńtì tàbí ti adójútòfò, kí a sì bá yín kọ lẹ́tà sí olùtajà, sí FCCPC tàbí sí LASCOPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ mú ẹ̀rọ náà, fọ́tò àti ìwé yòówù tó bá ṣẹ́ kù wá sí tábìlì wa lọ́jọ́ tí a bá ń pín oúnjẹ. Ẹni tí kò lè kàwé kó má tijú, a ó jókòó tì í.