Ohun Ìjà Àwọn Akọni Páṣíà àti Ìtumọ̀ Wọn

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìtàn ogun àtijọ́, ẹ má ṣe wo ẹni tí ó ṣẹ́gun nìkan. Ẹ wo ohun tí ó mú lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1010, Ferdowsi, akéwì Mùsùlùmí ará ìlú Tus ní ilẹ̀ Páṣíà, èyí tí à ń pè ní Ìráànì lónìí, parí ewì gígùn kan tí ń jẹ́ Shahnameh, ìyẹn Ìwé Àwọn Ọba. Nínú ewì yìí, ohun ìjà kì í ṣe irin lásán.

Zahhak ni ọba òǹrorò inú ìtàn náà. Ejò méjì hù ní èjìká rẹ̀, ọpọlọ ènìyàn sì ni oúnjẹ wọn lójoojúmọ́. Kaveh alágbẹ̀dẹ, ẹni tí wọ́n ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí ejò wọ̀nyí, fi awọ tí ó ń so mọ́ra nídìí iṣẹ́ kọ́ orí ọ̀kọ̀, àwọn ènìyàn sì wọ́ tẹ̀ lé e. Awọ òṣìṣẹ́ di àsíá ọba.

Fereydun, ẹni tí màlúù kan fi wàrà tọ́ nígbà tí wọ́n gbé e sá pamọ́ fún Zahhak, ní kí wọ́n rọ kùmọ̀ tí orí rẹ̀ dà bí orí màlúù, nítorí Zahhak ti pa ẹran náà. Ó fi kùmọ̀ yìí lu òǹrorò náà bolẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kìlọ̀ fún un pé kí ó má pa á, ó dá ọwọ́ dúró, ó sì dè é mọ́ òkè Damavand.

Ti Rostam ni ó bani nínú jẹ́ jù. Ó fún Tahmineh aya rẹ̀ ní ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye kan pé bí ó bá bí ọkùnrin, kí ó so ó mọ́ ọn ní apá. Sohrab ọmọ náà so ó lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n ẹ̀wù irin bò ó mọ́lẹ̀. Ó bi akọni tí ó dojú kọ ọ́ bóyá òun ni Rostam, Rostam sẹ́. Ìgbà tí ọ̀bẹ ti wọ ọmọ lára ni bàbá tó rí àmì náà.

Ẹ wò ó: ẹ̀wù tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ọmọ ni ó fi í pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Kùmọ̀ Fereydun mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró; ọ̀bẹ Rostam kò mọ ẹni tí ó bá. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹ̀yin òbí, ohùn líle àti ìgbéraga ni ẹ̀wù irin inú ilé. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi ọmọ yín léèrè ọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó sọ̀kalẹ̀.